Hóró Fíìmù, Hóró Yanrìn

Ọkùnrin méjì wà létí kànga nínú aṣálẹ̀. Wọ́n dáwọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe dúró, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo ọ̀kánkán. Níbi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé, tí ooru ń mi àwọn méjèèjì, àmì dúdú kan wà tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Ó ń bọ̀. Kò yára. Ó ń gùn, ó ń kúrú, ó ń já sí méjì, ó tún ń pàdé, títí ojú fi dá a mọ̀ pé ènìyàn ni, lórí ràkúnmí. Omar Sharif ni.

Ibí yìí nínú Lawrence of Arabia, fíìmù tí David Lean ṣe tó jáde ní 1962, ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ bí ẹ̀dà rẹ̀ kan bá tẹ̀ mí lọ́wọ́. Freddie Young ló wà nídìí kámẹ́rà. Ilẹ̀ amọ̀ gbígbẹ tó tẹ́ rẹrẹ ní Jafr, ní Jọ́dánì, ni wọ́n ti yà á, pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn mílímítà 482 tí Panavision pèsè. Lórí fídíò káséètì, ẹ ò ní rí àmì dúdú náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó nílé yóò rí àwọn méjì tí wọ́n ranjú mọ́ òfìfo. Lórí DVD, ó máa ń pẹ́ kó tó yọ. Lórí díìsìkì Ultra HD tí Sony gbé jáde ní 2020, ó ti wà níbẹ̀ kí àwọn ọkùnrin létí kànga tó rí i tán, ẹsẹ̀ ràkúnmí sì ń hàn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń sún mọ́ wa. Fíìmù kan náà ni. Ibi tí wọ́n ti mú àwòrán rẹ̀ wá ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí díìsìkì náà lè gbà. Láti 2016 ni irú rẹ̀ ti wà lọ́jà. Ẹyọ àmì àwòrán 3,840 ló tò sí ìbú rẹ̀, 2,160 sì tò sí òòró, èyí tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti Blu-ray. Láti òkùnkùn dé ìmọ́lẹ̀, Blu-ray ní ìpele tí kò ju 256 lọ. Díìsìkì yìí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún. Èyí tó tóbi jù nínú wọn gba gígábáítì 100. Àyè ni gbogbo èyí, àwòrán tí kò ní láárí náà lè kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Lawrence kò tilẹ̀ lo gbogbo àyè náà tán: ìbú àwòrán rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 2.20 ti gíga rẹ̀, nítorí náà ìlà bí 1,745 ló gbà nínú 2,160, dúdú sì ni ìyókù lókè àti nísàlẹ̀.

Àtinú kámẹ́rà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Fíìmù tó gba inú kámẹ́rà Young kọjá fẹ̀ tó mílímítà 65. Èyí tí ọ̀pọ̀ sinimá ayé ń lò nígbà náà jẹ́ 35. Férémù kan lórí 65 ga tó ihò márùn-ún nínú àwọn ihò etí fíìmù tí eyín ẹ̀rọ fi ń fà á. Ó fẹ̀ tó mílímítà 52, ó sì ga tó 23. Lórí 35, férémù kan kì í ju nǹkan bí 22 sí 16 lọ. Ojú tí ìmọ́lẹ̀ rí bọ́ sí lórí ti àkọ́kọ́ lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì.

Lójú fíìmù, nínú gélátíìnì tín-ín-rín, ni hóró iyọ̀ fàdákà wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n tò sí ìpele ìpele: ìpele kan ń gba búlúù, ọ̀kan ń gba àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń gba pupa. Hóró tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn, omi ìfọ̀ á sọ ọ́ di fàdákà, àwọ̀ á sì yọ yí i ká. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fọ fàdákà dànù, tí àwọ̀ nìkan yóò kù gẹ́gẹ́ bí àmì kékeré tí kò ní etí tó gún. Àwọn àmì wọ̀nyí là ń pè ní hóró fíìmù. Bí férémù ṣe ń tóbi sí i, hóró kì í tóbi sí i, wọ́n kàn ń pọ̀ sí i ni. Ràkúnmí tí Young yà ní ọ̀nà jíjìn rí hóró tó pọ̀ tó lórí 65 láti ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ká ní orí 35 ni, pẹ̀lú férémù tó ṣe bẹ́ẹ̀ kéré, ì bá jẹ́ àbàwọ́n.

Fíìmù tó gba inú kámẹ́rà kọjá yìí là ń pè ní nẹ́gátíìfù, ohun tó wà lára rẹ̀ kò sì sí ibòmíràn láyé. Gbogbo ìyókù, ẹ̀dà ni. Láti inú nẹ́gátíìfù kámẹ́rà ni wọ́n ti ń tẹ ẹ̀dà tí àwòrán rẹ̀ dúró bó ṣe yẹ, wọn á sì fi ìyẹn ṣe nẹ́gátíìfù kejì. Nẹ́gátíìfù kejì yìí ni wọ́n máa ń fi tẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà tó ń lọ sí ilé sinimá láyé ìgbà fíìmù. Ẹni tó bá ti ṣe dọ́bù káséètì Àyìnlá Ọmọwúrà láti ara dọ́bù ẹlòmíràn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ariwo káséètì àkọ́kọ́ ò lọ, ti èkejì gùn ún, omele sì ti rì sábẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni hóró ẹ̀dà ń gùn hóró nẹ́gátíìfù. Dúdú á ṣú sí i, funfun á fọ̀, etí nǹkan á rọ̀. Ní ìgbà DVD, ẹ̀dà kejì tàbí ẹ̀kẹta ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe másítà, ìyẹn ẹ̀dà ìpìlẹ̀ tí díìsìkì ti ń wá, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n láti gbé nẹ́gátíìfù gan-an sórí ẹ̀rọ, àti nítorí pé DVD kò lè fi ìyàtọ̀ náà hàn tán. Díìsìkì tuntun lè fi í hàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń padà sí nẹ́gátíìfù.

Ṣùgbọ́n nẹ́gátíìfù Lawrence ti jìyà. Nígbà náà, tààrà láti ara nẹ́gátíìfù kámẹ́rà ni wọ́n sábà máa ń tẹ ẹ̀dà onímílímítà 70 fún àwọn sinimá ńlá, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì tẹ ọ̀kan, nẹ́gátíìfù ti la ẹ̀rọ kọjá nìyẹn. Kò tíì pẹ́ tí fíìmù náà jáde tí wọ́n fi gé nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kúrò nínú rẹ̀. Ní 1971, wọ́n tún gé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Robert A. Harris àti Jim Painten ló wá àwọn gígé wọ̀nyí rí, tí wọ́n sì dá wọn padà ní 1989. Lean fúnra rẹ̀ àti Anne V. Coates tó ṣe àtòpọ̀ fíìmù náà ní 1962 sì wá jókòó tì wọ́n. Ohùn àwọn ibòmíràn ti sọnù, àwọn òṣèré ní láti tún un sọ. Jack Hawkins ti kú, Charles Gray ló bá a sọ tirẹ̀. Nígbà tó di àádọ́ta ọdún fíìmù náà, ní 2012, Grover Crisp àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Sony ló tún gbé nẹ́gátíìfù náà jáde fún àtúnṣe tí díìsìkì òní ti wá.

Orí tábìlì ìyẹ̀wò ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìká kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì, gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀ wà láàárín. Ẹni tó ń ṣe é wọ ìbọ̀wọ́ òwú funfun. Ó ń fi ọwọ́ kan yí ẹ̀rọ, ó sì fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ kejì di fíìmù mú ní etí méjèèjì. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Bí ihò etí kan bá ti ya, ìka á gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Ó á dúró, á tẹ awò kékeré mọ́ ojú, á wo ihò náà, á sì fi téèpù tín-ín-rín tí wọ́n ti lu ihò sí lára dí ibi tó ya. Gbogbo ibi tí àwòrán bá ti yí láti ojú ènìyàn kan sí ti ẹlòmíràn, ìsopọ̀ kan wà níbẹ̀ lára nẹ́gátíìfù, tí ẹnìkan fi abẹ ha tó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ní bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù náà ti gbẹ. Ó ní láti tẹ ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, nítorí èyí tó bá ṣí nínú ẹ̀rọ yóò fa férémù ya. Ó tún ń wọn ihò ọgọ́rùn-ún lórí irin ìwọ̀n láti mọ bí fíìmù ti sún kì tó, ó sì ń gbé e sí imú bóyá ó ti ń rùn bíi fínígà, èyí tó jẹ́ àmì pé ike tó gbé àwòrán náà dúró ti ń bàjẹ́ láti inú wá.

Lẹ́yìn ìyẹ̀wò, ó kan fífọ̀. Wọ́n ń rì fíìmù sínú omi oògùn tí ìgbì ohùn tí etí kì í gbọ́ ń gbọ̀n, kí ìdọ̀tí bọ́ lára rẹ̀ láìsí pé ohunkóhun ha á. Ó tún ń gba àárín àwọn rólà rírọ̀ tí ojú wọn ń lẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń kó eruku tó ṣẹ́kù.

Síkánà ló tẹ̀lé e. Ní sinimá, férémù mẹ́rìnlélógún ń gba iwájú iná kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Síkánà kì í kánjú bẹ́ẹ̀. Férémù kan á wọlé, á dúró. Píìnì irin kéékèèké á wọ inú ihò etí rẹ̀, wọ́n á dì í mú débi pé kò lè yẹ̀. Iná pupa á tàn, iná àwọ̀ ewé á tàn, iná búlúù á tàn, ojú ẹ̀rọ á ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Píìnì á jáde, férémù mìíràn á wọlé. Lawrence ní férémù tó lé ní 300,000. Ní irú síkánà kan, wọ́n máa ń da omi oògùn sí ibi tí férémù ti ń dúró. Omi yìí ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ike fíìmù, nítorí náà bó bá ti kún inú ìhára tó wà lẹ́yìn fíìmù, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé ìhára kò sí. Bí mo bá rò ó, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé omi lásán lè pa ìhára rẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwòrán.

Ní 8K ni wọ́n ka nẹ́gátíìfù Lawrence, ìyẹn ẹyọ àmì tó lé ní 8,000 ní ìbú, kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀ sí 4K fún àtúnṣe. Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí wọ́n fi ka ìlọ́po ohun tí díìsìkì máa gbà. Ìdáhùn wà lára hóró. Bí ẹyọ àmì síkánà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó hóró, àwọn méjèèjì á máa kọlu ara wọn, ìrísí èké á hù tí kò sí lára fíìmù rárá, hóró á le, á sì rí ṣàkì. Ṣùgbọ́n bí a bá ka hóró fínnífínní, tí a wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ohun tó kù á rí bí hóró gan-an.

Mo ti wá dé ibi tí mo rò pé ó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà: mímọ ohun tí a ó mú kúrò àti ohun tí a ó fi sílẹ̀. Ooru aṣálẹ̀ ti gbẹ gélátíìnì ojú fíìmù náà láwọn ibòmíràn, ó sì ti sán: ìlà tín-ín-rín tó dúró lóòró. Omi síkánà kò lè tún irú èyí ṣe, nítorí ìsán náà wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀. Nídìí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń dí i, férémù kan tẹ̀lé òmíràn. Wọ́n á wo férémù tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n á mú ibi kékeré tí ìsán náà bò nínú èyí tí ìsán rẹ̀ bọ́ sí ibòmíràn, wọ́n á fi dí i, pẹ̀lú hóró rẹ̀.

Eruku ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn síkánà kan ní iná kẹrin tí ojú ènìyàn kì í rí, èyí tí wọ́n ń pè ní infrared. Àwọ̀ inú fíìmù kì í dí infrared lọ́wọ́, eruku ń dí i. Ohun tó bá dúdú lábẹ́ iná yẹn, eruku ni tàbí ìhára, kọ̀ǹpútà á sì mọ ibi tí ó wà. Sọ́fítíwià mìíràn kì í lo iná. Ó kàn ń wá ohun tó wà nínú férémù kan tí kò sí nínú èyí tó ṣáájú tàbí èyí tó tẹ̀lé e, ó sì ń pè é ní ìdọ̀tí. Ẹ wá rò ó nínú fíìmù tí yanrìn ti ń fẹ́ kọjá níwájú kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Hóró yanrìn kan kì í pẹ́ ju férémù kan lọ. Ìtànṣán oòrùn tó kọ mànà lára irin ìjánu ràkúnmí kì í pẹ́ jù ú lọ. Lójú sọ́fítíwià, ìdọ̀tí ni gbogbo wọn. Ènìyàn ló ní láti jókòó wo ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ pa rẹ́, kó sọ pé eléyìí eruku ilé ìfọfíìmù ni, ẹ mú un kúrò, tọ̀hún yanrìn Jọ́dánì ni, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó ṣe é.

Hóró fíìmù ló máa ń fa àríyànjiyàn jù. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ àwòrán kámẹ́rà fóònù lè rò pé hóró jẹ́ àbùkù, kó sì fẹ́ kí wọ́n nù ún kúrò. Bẹ́ẹ̀ hóró ni àwòrán náà fúnra rẹ̀. Kò sí ìrísí kankan lábẹ́ rẹ̀ tí a lè hú jáde. Bákan náà, ibi tí hóró bọ́ sí nínú férémù kan kọ́ ló bọ́ sí nínú èyí tó tẹ̀lé e, torí náà ìrísí awọ ara, ti aṣọ, ti ìkọ̀ òkè, kì í sí nínú férémù kan tán. Ojú wa ló ń kó o jọ láti inú ọ̀pọ̀ férémù tó ń kọjá. Sọ́fítíwià tó ń nu hóró máa ń pò férémù pọ̀ kí ojú tó rí wọn, ó sì ń gbé ohun tí kò bá dúró jẹ́ẹ́ dànù. Ohun tó ṣẹ́kù ni awọ ara tó ń dán bí ìda. Patton ti 1970, tí wọ́n ya sórí 65 pẹ̀lú, jẹ irú ìyà yìí lórí Blu-ray rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2008. Fíìmù ńlá, nẹ́gátíìfù ńlá, ojú George C. Scott sì wá dà bí ohun tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ títí. Wọ́n tún un ṣe ní 2012, ojú rẹ̀ sì padà ní ihò àti ìhunjọ. Lórí díìsìkì Lawrence, hóró wà ní gbogbo ìgbà, ó kéré, ó ń gbé jẹ́jẹ́ lójú ọ̀run. Àmì dúdú tó di ràkúnmí yẹn kì í ju hóró díẹ̀ lọ nígbà tó kọ́kọ́ yọ. Ẹni tó bá nu hóró ti nu ún.

Ohun kan tún wà tí ẹ ó rí bí ẹ bá fara balẹ̀ wo àwọn fíìmù àtijọ́ lórí irú díìsìkì yìí. Bí àwòrán kan bá fẹ́ yọ́ wọ inú òmíràn, gbogbo rẹ̀ máa ń ṣàdédé rọ̀, hóró rẹ̀ á wú, kí ìyọ́wọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìdí ni pé wọn kì í sábà ṣe irú ìyọ́wọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí nẹ́gátíìfù kámẹ́rà. Inú ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ti ń da àwòrán méjèèjì pọ̀, wọ́n á wá gé ẹ̀dà tó jáde mọ́ àárín ojúlówó. Àbùkù másítà kọ́ nìyẹn, bí fíìmù náà ti rí láti ọjọ́ tó ti jáde ni. Nínú Lawrence, Peter O'Toole, tó ṣe Lawrence fúnra rẹ̀, fẹ́ná pa lẹ́nu ìṣáná, oòrùn sì yọ lórí aṣálẹ̀. Ìyọ́wọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Coates àti Lean wo àwọn gígé méjèèjì tí wọ́n ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lásán, wọ́n rí i pé ó dára bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi sílẹ̀. Nítorí òye wọn lọ́jọ́ yẹn, kò pọn dandan kí wọ́n ṣe ẹ̀dà kankan níbẹ̀. Ó mọ́ gaara, láti ojú O'Toole títí dé pupa ọ̀run.

Àwọ̀ ló kù. Nẹ́gátíìfù tí a kà kò tíì jọ fíìmù. Àwọ̀ rẹ̀ yí sódì, ọsàn ló bò ó lójú, bí a bá sì yí i padà, á rí ràkọ̀ràkọ̀ láìní agbára, nítorí nẹ́gátíìfù ń gba òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ ju bí ẹ̀dà sinimá ṣe lè fi wọ́n hàn lọ. Ẹni tó ń tò àwọ̀ jókòó nínú yàrá ṣókùnkùn, bọ́ọ̀lù mẹ́ta ló wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀: ọ̀kan fún ibi dúdú, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún ibi tó mọ́lẹ̀. Ó ń fi ìka yí wọn díẹ̀díẹ̀, ó sì ní láti máa rántí bí ẹ̀dà sinimá ṣe rí. Ìdẹwò wà níbẹ̀. Aṣọ ojú sinimá kì í mọ́lẹ̀ ju nǹkan bí nit 50 lọ, nit sì ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Díìsìkì Ultra HD lè gbé 1,000, ìlànà rẹ̀ sì gba títí dé 10,000. Ẹni tí kò bá ní sùúrù á gbé gbogbo oòrùn aṣálẹ̀ dé òkè pátápátá, òǹwòran á máa dijú.

Ohun tí wọ́n ṣe sí Lawrence wù mí gidigidi. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun Lárúbáwá fún Lawrence, tó ń sáré kiri nínú oòrùn pẹ̀lú rẹ̀. Lórí àwọn ẹ̀dà àtijọ́, funfun yẹn ti fọ̀, ó di ojú kan ṣoṣo. Níhìn-ín, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan wà, òjìji inú ìṣẹ́po ní búlúù díẹ̀ nínú, aṣọ náà sì fẹ́lẹ́ débi tí ẹ ó rí apá rẹ̀ nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi kún un kéré. Wọ́n kàn jẹ́ kí ohun tí nẹ́gátíìfù ti gbà ní 1961 rí ibi dúró sí ni. Ojú ọ̀run sì ń rọra yí láti búlúù òkè sí funfun ìsàlẹ̀ láìní àtẹ̀gùn kankan, ìyẹn sì ni iṣẹ́ ìpele ẹgbẹ̀rún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Kì í ṣe gbogbo fíìmù ló ní irú nẹ́gátíìfù bẹ́ẹ̀. Nẹ́gátíìfù Spartacus ti 1960 ti ṣá, nítorí náà nígbà tí Harris tún un ṣe ní 1991, ẹ̀dà aláwọ̀ dúdú àti funfun mẹ́ta tí wọ́n fi pa pupa, ewé àti búlúù rẹ̀ mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló padà sí. The Wizard of Oz ti 1939 kò ní nẹ́gátíìfù aláwọ̀ rárá. Kámẹ́rà Technicolor pín ìmọ́lẹ̀ sórí fíìmù dúdú àti funfun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ti sún kì bó ṣe wù ú láti ìgbà náà. Fún díìsìkì 2019, wọ́n ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 8K, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà na wọn kí wọ́n lè tún bára mu. Ìlẹ̀kẹ̀ dídán tó wà lára bàtà pupa Dorothy wá ṣeé yà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti O Brother, Where Art Thou? ti 2000 tún yàtọ̀. Orí 35 ni Roger Deakins ya á, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà, ní 2K, ni wọ́n ti sọ ewé tútù Mississippi di àwọ̀ koríko gbígbẹ. Bí wọ́n bá padà sí nẹ́gátíìfù, ewé tútù ni wọn ó bá níbẹ̀. Másítà 2K ni fíìmù náà gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti tún àwọ̀ gbogbo fíìmù náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nílé wa náà, òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́. Orí fíìmù ni wọ́n ya Àjàní Ògún ní 1976 àti Aiyé ti Ògúnǹdé ní 1979. Bí nẹ́gátíìfù tàbí ẹ̀dà tó dára wọn bá ń bẹ níbì kan, síkánà òní lè rí nínú wọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí lórí káséètì. Fídíò VHS tí wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ eré Yorùbá lẹ́yìn 1990 kò ní irú ànfààní bẹ́ẹ̀: ìlà 576 ni ìlànà PAL fún un, fídíò VHS kò sì lè kún ìyẹn pàápàá. Ti Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, fún mi ní ìrètí. Ibi ìpamọ́ fíìmù ní Jos ni wọ́n ti rí i, wọ́n tún un ṣe ní Berlin, wọ́n sì fi hàn níbẹ̀ ní 2018. Ẹnìkan ní Jos kò da agolo náà nù. Mo ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú.

Bí másítà bá ti pé, ó ku kíkó o sórí díìsìkì. Sọ́fítíwià tó ń fún àwòrán pọ̀, HEVC, ń ṣiṣẹ́ nípa ṣíṣe àfọ̀ṣẹ: ó wo férémù tó kọjá, ó sọ bí èyí tó ń bọ̀ yóò ṣe rí, ìyàtọ̀ nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Hóró kò ṣeé fọ̀ṣẹ. Gbogbo férémù ló ní tirẹ̀ tuntun, nítorí náà fíìmù tí hóró rẹ̀ pé ń jẹ àyè púpọ̀. Pẹ̀lú orin ìṣáájú àti ìsinmi àárín, Lawrence fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin. Bí wọ́n bá kó o sórí díìsìkì kan tó gba gígábáítì 100, kò ní rí ju nǹkan bí mẹ́gábíìtì 58 lọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn pẹ̀lú. Díìsìkì bẹ́ẹ̀ lè ka ìlọ́po méjì rẹ̀. Sony pín in sórí díìsìkì méjì, wọ́n sì gé e sí ibi ìsinmi, níbi tí Lean fúnra rẹ̀ ti ní kí òǹwòran dìde. Fíìmù 4K tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé sábà máa ń rí mẹ́gábíìtì 15 sí 25. Ẹ wo ooru orí ilẹ̀ Jafr lórí méjèèjì: lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń di páálí páálí nígbà mìíràn. Lórí díìsìkì, ó ń gbọ̀n.

Ó kù síbi kan tí iṣẹ́ yìí ti lè bàjẹ́, ilé òǹwòran sì ni. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun ni wọ́n ti tan ohun tó ń nu hóró àti ohun tó ń fi férémù èké sáàárín férémù sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá, àti ìpọ́n etí àwòrán tó ń fi ìlà funfun yí òkè kọ̀ọ̀kan ká. Láti 2019 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Filmmaker Mode ti wà, tó ń pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí tẹlifíṣọ̀n yín kò bá ní i, ẹ wọ inú ètò àwòrán rẹ̀, kí ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa iná yàrá. Ẹ fi díìsìkì àkọ́kọ́ sí i, kí ẹ lọ sí ibi kànga, kí ẹ sì wo àárín àwòrán, díẹ̀ sókè ibi tí ilẹ̀ ti parí.